Owó Ta Ni?

Bí àlejò kan bá wọ ọjà, tó ní òun fẹ́ fi owó gọbọi ran ẹgbẹ́ aláta lọ́wọ́ kí wọ́n lè dìbò yan ìyálọ́jà wọn láìsí màgòmágó, àwọn kan yóò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan kò ní ṣàì bi í pé: "Ọmọ mi, o ṣeun o, àmọ́ owó ta ni?" Ìyá yẹn kì í ṣe aláìmoore. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìbéèrè yìí ló dójú ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ní 1967. Ìwé ìròyìn Ramparts ló tú u fó pé CIA, ilé iṣẹ́ amí ìjọba ibẹ̀, ló ti ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́lẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ náà kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ń polongo òmìnira kiri, àṣé owó amí ni wọ́n ń ná! Ariwo sọ, Ààrẹ Johnson sì ní kí irú owó kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n wọn ò torí ẹ̀ pa iṣẹ́ náà tì. Ní oṣù kẹfà 1982, Ààrẹ Reagan sọ fún àwọn aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù pé ó yẹ kí wọ́n máa ran àwọn tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa lọ́wọ́ káàkiri ayé. Ní 1983, wọ́n dá National Endowment for Democracy sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní NED. Lórúkọ, ẹgbẹ́ aládàáni ni. Àmọ́ inú àpò ìjọba Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀ ti ń wá.

Ṣé owó náà wúlò? Ó wúlò o. Ní oṣù kejìlá 1981, àwọn ológun gba ìgboro Poland, wọ́n sì fòfin de Solidarity, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí Lech Walesa, oníṣẹ́ iná mànàmáná, jẹ́ olórí ẹ̀. Owó NED wà lára ohun tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń lò ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù kẹfà 1989, nínú ìjókòó 100 ní ilé aṣòfin àgbà, Solidarity kó 99.

Ẹ wá wo Nicaragua. Amẹ́ríkà tó ń ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń bá ìjọba ibẹ̀ jà lọ́wọ́, òun náà ló ya mílíọ̀nù 9 dọ́là sọ́tọ̀ ní 1989 nítorí ìdìbò wọn. Ní 1990, Violeta Chamorro na Ààrẹ Ortega. Ìbọn ní ọwọ́ kan, àpótí ìbò ní ọwọ́ kejì: ta ni kò ní fura?

Ní 1991, Allen Weinstein, tó wà lára àwọn tó dá NED sílẹ̀, sọ fún ìwé ìròyìn Washington Post pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe ní gbangba ni CIA ti ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ní ọdún 25 sẹ́yìn. Àwọn olólùfẹ́ NED ní ohun tó dára níbẹ̀ nìyẹn, pé kò sí bòókẹ́lẹ́ mọ́. Àwọn alátakò ní aṣọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Rọ́ṣíà fòfin dè é ní oṣù keje 2015. Àwọn ìjọba tí kò fẹ́ kí wọ́n ka ìbò dáadáa náà ti rí "owó òkèèrè" fi ṣe àwáwí láti ti aláìṣẹ̀ mọ́lé.

Nígbà tó di 2025, ìjọba Trump dá owó NED dúró, NED sì gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù kẹta. Àwọn ẹgbẹ́ tó gbójú lé owó náà nílẹ̀ òkèèrè ló jẹ̀rora ẹ̀. Aṣọ àyálò nìyẹn: ọjọ́ tó bá wu aláṣọ ló ń wá gbà á.

Ìyá àgbà kò ní kí wọ́n lé àlejò. Ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n dárúkọ olówó lójú gbogbo ọjà, kí wọ́n ka iye owó náà sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ sì máa dá owó tirẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹnu tó ti jẹ dòdò, ó máa ń ṣòro fún un láti sọ òdodo.