Ilé Kì í Kérora

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé ẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ ìka ẹni tó bá mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Paul Brand, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní Vellore nílẹ̀ Íńdíà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wà lára àwọn tó là á yé aráyé pé iṣan ìmọ̀lára ni kòkòrò àrùn náà ń pa. Bí iṣan bá ti kú, ènìyàn lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná láìmọ̀ pé ọwọ́ òun ń bó. Òkúta lè wà nínú bàtà rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, kó sì máa rìn lọ. Ọgbẹ́ tí kò dunni, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gba ìka lọ.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Òkègbàlà ní Ọ̀mù-Àrán, tí wọ́n mọ̀ káàkiri fún ìtọ́jú àrùn ẹ̀tẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wọn. Àwọn tó ń kọ́lé, tó ń gbalé àti tó ń bójú tó ilé ìjọba ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ara tó dá ṣáṣá kì í fi ìbàjẹ́ ṣeré. Bí ọwọ́ bá kan iná, inú eegun ẹ̀yìn ni àṣẹ ti ń wá pé kó fà sẹ́yìn, kí ọpọlọ tó gbọ́ rárá. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́, ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ á dà síta, àwọn ọmọ ogun ara á sì sáré lọ síbẹ̀. Ní 1994, Polly Matzinger, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, gbé èrò kan kalẹ̀ tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: pé àmì ewu àti ìbàjẹ́ ló ń ta ọmọ ogun ara jí, pé jíjẹ́ àjèjì nìkan kò tó. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ìfura àti ìgbésẹ̀ kì í yàgò fún ara wọn nínú ara.

Ilé kò ní iṣan. Irin inú kọnkéré lè máa dípẹtà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìpẹtà sì ń gba àyè ju irin tó ti wá lọ, ìdí nìyí tó fi ń ti kọnkéré láti inú títí yóò fi sán. Nígbà tí àbàwọ́n pupa bá wá hàn lára òpó, onílé á pe bíríkìlà, wọ́n á po sìmẹ́ǹtì, wọ́n á dí ojú ibẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀dà kùn ún. Ohun kan ṣoṣo tí ilé náà rí fi sọ̀rọ̀ ni wọ́n pa mọ́ ọn lẹ́nu yẹn.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ògiri tó sán ló fẹ́ wó. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú pilásítà kì í sábà ju ti sìmẹ́ǹtì tó ń gbẹ lọ. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní igun fèrèsé, tó dábùú ògiri lọ bí àtẹ̀gùn, tó sì ń fẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ pé ó ń fẹ̀? Àfi ẹni tó ti fi pẹ́ńsù sàmì sí òpin rẹ̀, tó sì kọ ọjọ́ sí i.

Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Ọ̀mù-Àrán, ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún òkúta. Ère ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, òkúta tí wọ́n sì fi gbẹ́ wọn rọ̀ débi pé èékánná lè ha á. Púpọ̀ nínú wọn ti kán lọ́rùn kí wọ́n tó kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní 1945. Láti 1965 ni Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà, ti ń ṣe àkọsílẹ̀ wọn tó sì ń ya àwòrán wọn. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1978. Bí imú ère kan bá ré lónìí, àwòrán wà tí wọ́n lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ti àtijọ́ ni àbí ti àná. Ẹni tó bá rò pé ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ òun ń lọ ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà.

Àkọsílẹ̀ nìkan kò sì tó. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ènìyàn 20 ló kú. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn sọ pé àwọn ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Àmì wà lára ògiri, àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì.

Àwọn kan á ní owó ló fà á, pé àtúnṣe wọ́n. Àtúnṣe wọ́n lóòótọ́. Wíwò kò wọ́n. Ẹni tí ìmọ̀lára ti kú lẹ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́ pé kó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kó sì gbọn bàtà rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, kí ojú lè ṣe iṣẹ́ tí iṣan kò lè ṣe mọ́. Kò sí ohun tó ní kí ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọjà má rí irú ìtọ́jú kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá dá.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí Yunifásítì Landmark, tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹnjiníà ní Ọ̀mù-Àrán, rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìwé àti kámẹ́rà. Kí wọ́n sì fún ẹni tó bá kọ ìkìlọ̀ sínú ìwé náà láṣẹ láti ti ilẹ̀kùn kíláàsì pa lọ́jọ́ náà gan-an.