Ọwọ́ Ọmọ Iṣẹ́ Kì í Ṣe Igi

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ yà sí ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́. Ẹ kí wọn kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìka ọwọ́ àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ kò ní bá mẹ́wàá.

Kí ni ó gé ìka wọn? Ayùn oníná ni. A kò bá ayùn yìí jà. Pákó tí àwọn bàbá wa ń fi ọwọ́ là títí òógùn fi bò wọ́n, kíá ni ó ń là á. Ṣùgbọ́n ayùn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín igi àti ẹran ara.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ayùn bá ń yí ní ìgbà 3.000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 ni yóò yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ní eyín 40, eyín 2.000 ni yóò kọjá kí ẹ tó ké «Yéè!» tán. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí èyí ni a ṣe ń fi irin ìbòrí sí orí ayùn. A tún ń fi irin pẹlẹbẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí pákó má baà fún un. Bí pákó bá fún ayùn, ayùn yóò ju pákó lu ẹni tí ń là á. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kan yọ irin méjèèjì, wọ́n jù wọ́n sí ìdí ògiri.

Wọ́n ní: «Ìbòrí kì í jẹ́ kí a rí ojú ìlà.» Ẹ tún un ṣe kí ó jókòó dáadáa. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Wọ́n ní: «Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.» Ọjọ́ tí ìka bá já ńkọ́? Iṣẹ́ yóò dúró, owó oníbàárà yóò sì bá ilé ìwòsàn lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Wọ́n ní: «Àwa ni a so mọ́tò mọ́ abẹ́ tábìlì fúnra wa, kò ní ìbòrí rí.» Ẹni tí ó jó irin tábìlì náà pọ̀ lè jó irin ìbòrí pẹ̀lú.

Wọ́n ní: «Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n.» Bóyá ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ó wà nídìí ayùn láti àárọ̀? Ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni. Ọ̀gá yọ ìbòrí, ọmọ ọlọ́mọ ń fi ìka san gbèsè. Bí ọmọ bá sì ní ẹ̀rù ń ba òun, wọ́n á pè é ní ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ó gbọ́n ni.

Ní ọdún 1963, àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní gbogbo ayé ṣe àdéhùn kan, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 119. Ó ní kí òṣìṣẹ́ kankan má ṣe lo ẹ̀rọ tí a yọ ìbòrí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi dandan mú un lò ó.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ dá ìbòrí padà lónìí. Bí pákó bá kù díẹ̀ kó là tán, igi ni kí ẹ fi tì í, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ ká apá aṣọ yín sókè. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí ayùn, nítorí ó lè fa ọwọ́ wọlé.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó iṣẹ́ ọmọ yín, ẹ lọ wo ayùn náà. Bí orí rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, ẹ bèèrè ìbòrí rẹ̀. Bí ọ̀gá bá kọ̀, ẹ mú ọmọ yín lọ sí ibòmíràn.

Bí pákó bá bàjẹ́, a ó ra òmíràn. Ọjà Àjàṣẹ́ tóbi, ṣùgbọ́n wọn kì í ta ìka níbẹ̀.