Géèmù Àtijọ́ Tí Ó Padà Wọlé: Ẹ̀mí Mẹ́ta Ti Tó

 

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ kéú, ọ̀rọ̀ géèmù ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí. Àwọn àtijọ́ ni a ní lọ́kàn, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣà jọ sójú kan, tí wọ́n sì ń tà fún ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ géèmù nílé. Ní 2021, Capcom kó 32 jọ sínú Capcom Arcade Stadium. Ní 2022, Atari 50 jáde pẹ̀lú géèmù tí ó lé ní 90. Àwọn kan ní kí a kó gbogbo rẹ̀ dànù. A kò bá wọn lọ dé ibẹ̀.

Nígbà tí Tomohiro Nishikado ṣe Space Invaders fún Taito ní Jàpáànù ní 1978, inú àpótí ńlá ni eré náà wà, owó onírin ni ènìyàn ń sọ sínú rẹ̀ kí ó tó ṣeré. Ẹ̀mí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún un. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tán, eré parí. Ẹni tí ó ni àpótí fẹ́ kí ó tètè tán, kí owó mìíràn lè wọlé. Ọgbọ́n ajé ni, kì í ṣe àánú. Síbẹ̀ ó ṣe ọmọ láǹfààní kan: owó ọwọ́ rẹ̀ á tán, á sì lọ sílé.

Nínú àkójọ tuntun, bọ́tìnì lásán ni owó. Ẹ tẹ̀ ẹ́, "owó" wọlé, kò sì sí ohun tí ó jáde lápò. Ti Capcom tún jẹ́ kí ènìyàn fa eré padà sẹ́yìn: bí ọ̀tá bá pa ọmọ, á dá àkókò padà, á jí dìde. Kí ni yóò wá dá eré dúró? Wọ́n á pe ìrun Àláásárì, ọmọ ṣì ń fa eré sẹ́yìn. Mọ̀gàríbì á bá a lórí ìjókòó kan náà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn wá.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀tá inú Space Invaders jẹ́ 55. Bí a ṣe ń yìnbọn pa wọ́n ni àwọn tó kù ń yára sí i. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò lágbára tó láti tètè ya gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe ń dín kù ni iṣẹ́ rẹ̀ ń fúyẹ́. Nishikado rí i, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Pac-Man tí Toru Iwatani ṣe ní 1980, iwin mẹ́rin ni ń lépa ẹni, ìwà wọn kò sì dọ́gba: pupa ń tẹ̀lé ọ tààrà, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí òdòdó ń lọ dè ọ́ níwájú. Bí ènìyàn bá dé ìpele 256, ìlàjì ojú ẹ̀rọ á dàrú, nítorí pé ibi tí ó ń ka ìpele sí kò lè gbà ju 255 lọ. Olùkọ́ ìṣirò wa lè fi èyí nìkan kọ́ni títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ tún wo àwọn géèmù orí fóònù òde òní tí ń tọrọ owó lójoojúmọ́, tí ń ta àpótí tí ọmọ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 2018, ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù sọ pé tẹ́tẹ́ ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin wọn. Àwa ti ní Súúrà Al-Má'idah, áyà 90, lórí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. Bí ọmọ bá máa ṣe géèmù rárá, Pac-Man sàn fún un ju ìyẹn lọ.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni kí ẹ dá òfin àpótí àtijọ́ padà sílé. Ẹ̀mí mẹ́ta, kò sí fífà sẹ́yìn. Ọmọ kéú tí ó bá ṣì í kà lórí wàláà, ìbẹ̀rẹ̀ ni ààfáà ń dá a padà sí, kò sì pa á. Ẹ̀yin ọmọ wa náà, ẹ má sọ fún ìyá yín pé ẹ̀mí tó kẹ́yìn nìyí nígbà tí ó jẹ́ ogún. Bí ìpè ìrun bá bá ẹ̀mí kejì lọ́wọ́, ẹ tọ́jú eré náà sí ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú rẹ̀ sí, kí ẹ pa á. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tuntun wọ̀nyí, òun nìkan ni a fọwọ́ sí. Àwọn iwin náà á ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn sàlámà.