Bàbá Sọ̀rọ̀ Sókè Tó, Máìkì Yín Ni Ẹ Ò Tún Ṣe

Ó ti di àṣà láàárín àwa tá à ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì lórí lítíréṣọ̀ alohùn: a ó pe àgbàlagbà kan wá sí ẹ̀ka, a ó fi ìjókòó lọ̀ wọ́n níwájú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, wọ́n á sọ tẹnu wọn, a ó sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Tó bá di alẹ́, a ó tẹ fáìlì, a ò ní gbọ́ ju bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí lọ. Àlàyé tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa níwájú olùkọ́ ni pé, "Bàbá ò sọ̀rọ̀ sókè, sà."

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ débi pé mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba níbí: irọ́ ni. Bàbá sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbé máìkì síwájú wọn ni kò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì nìkan. Tí ojú ewé ìwé kan bá ya, ẹ lè wá ẹ̀dà mìíràn lọ. Ìyá arúgbó tó ń sun rárà tí ọmọ rẹ̀ kankan ò kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lẹ lè rí wọn. Kí ẹ tó padà lọ ní ìsinmi tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ pé ìsìnkú wọn lẹ máa bá.

Àwọn kan á ní kò sí wàhálà, àwọn á fi Audacity gbé e sókè tó bá yá. Èmi náà fẹ́ràn Audacity. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti ọdún 2000. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gbé ohùn Bàbá sókè, ohun gbogbo tó wà nínú fáìlì ló ń bá a gòkè: fáànù, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, àti ìró "ṣíìì" tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ìṣirò ìdí rẹ̀ ò le. Fáìlì oníbíìtì 16 ní ìpele 65,536 tó fi ń wọn ìró. Bíìtì kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi 6 dB. Tí ibi tí ohùn ti ga jù nínú fáìlì yín bá wà ní -48 dB, bíìtì 8 ti bọ́ sọ nù nìyẹn, ìpele 256 péré ló kù tí ẹ fi ń wọn gbogbo ohun tí Bàbá sọ. Èyí tí ẹ̀rọ ò wọ̀n nígbà náà, kò sí bọ́tìnnì tó lè dá a padà.

Ó tún wá burú fún èdè tiwa. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: lẹ́tà kan náà, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ sì kíyè sí ibi tí ohùn máa ń rẹlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wa, ìparí gbólóhùn ni, pàápàá tí sílébù ìkẹyìn bá gba ohùn ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn àgbàlagbà máa ń wọlẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, ibẹ̀ gan-an náà ni ariwo fáànù ti máa ń bò ó. Ẹ gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sínú Praat kí ẹ lè rí bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò, ẹ ó rí i pé ilà yẹn á já kó tó dé ìparí ọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í méfò àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, á sì kọ ọ́ sínú prójẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé Bàbá ló sọ ọ́.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní kọ̀ǹpútà òun ò gbóhùn dáadáa, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé: inú ihò wo lẹ ki wáyà sí? Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ihò aláwọ̀ píǹkì ni ti máìkì, aláwọ̀ ewé ni ti sípíkà. Ti búlúù wà fún ẹ̀rọ tí agbára ìró rẹ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, bíi rédíò kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ da kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kọ láti inú rẹ̀. Tí ẹ bá ki máìkì sínú búlúù, ohùn á dé ibẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kódà kó má dé rárá. Tí ó bá jẹ́ ihò iwájú lẹ ń lò, ẹ gbìyànjú ti ẹ̀yìn, torí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ti iwájú mọ́ inú kọ̀ǹpútà máa ń gba ariwo, ó sì lè má tilẹ̀ so mọ́ nǹkan kan. Íápíìsì fóònù ńkọ́? Ẹ wo orí wáyà rẹ̀. Tí òrùka dúdú mẹ́ta bá wà lára rẹ̀, ihò píǹkì lásán ò lè gbóhùn máìkì rẹ̀, àfi tí kọ̀ǹpútà yín bá ní ihò alápapọ̀ tí wọ́n ya íápíìsì sí lára, tàbí kí ẹ ra wáyà tó máa ń pín in sí méjì.

Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ mmsys.cpl, ẹ lọ sí Recording, ẹ tẹ máìkì tí ẹ ń lò, Properties, lẹ́yìn náà Levels. Ẹ ó rí i pé àìmọye kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, ẹnì kan ló fi í sí 20 níbẹ̀. Zoom náà máa ń fà á sílẹ̀ fúnra rẹ̀ tí ẹ bá jẹ́ kó máa tún ohùn máìkì ṣe, á sì fi í síbẹ̀ lẹ́yìn tí ìpàdé bá parí. Ẹ gbé e sí 80 tàbí 90. Tí Microphone Boost bá wà níbẹ̀ (máìkì USB kì í sábà ní in), 10 tàbí 20 dB ti tó. Ẹni tó bá sáré gbé e sí 30 á gbọ́ "ṣíìì" ju Bàbá lọ. Àwọn ará Linux, alsamixer ni tiyín, ẹ tẹ F4.

Ṣùgbọ́n gbogbo sétíǹsì wọ̀nyí ò tó ohun kan tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí máìkì sún mọ́ ẹnu. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá gé àárín máìkì àti ẹnu sí ìdajì, ohùn á fi nǹkan bíi 6 dB gòkè, ariwo yàrá á sì dúró síbi tó wà. Láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin wá sí ínǹṣì mẹ́fà, 18 dB nìyẹn, láìfọwọ́ kan Boost.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ìwà àrífín ni kí ọmọdé gbé irin sí ẹnu àgbà. Kí ni ká wá pe "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pariwo díẹ̀ sí i"? Ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń pariwo kì í tún sun rárà mọ́. Èémí rẹ̀ á já, ohùn rẹ̀ á le, ohun tí ẹ wá gbà sílẹ̀ á ti yàtọ̀ kí ẹ tó gbà á. Ẹ dọ̀bálẹ̀, tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n gbé èyí sún mọ́ yín, kí ohùn yín lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń bọ̀." N kò tíì rí àgbà tó kọ̀ ọ́.

Kí wọ́n wá fi ìṣẹ́jú àáyá 30 sọ orúkọ àti oríkì wọn. Ẹ wo ìwọ̀n ohùn nínú Audacity: ibi tó ga jù kó máa wà láàárín -12 àti -6 dB. Tó bá kan 0, ó ti ń fọ́, ẹ fà á sílẹ̀. Ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ padà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an.

Ẹ lè ní kí ló dé tá ò kàn lo fóònù. Ó dáa fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù ló ń tún ohùn ṣe fúnra rẹ̀, á gbé e sókè nígbà tí Bàbá bá rẹ ohùn sílẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ké. Ẹni tó fẹ́ kọ nípa ìlò ohùn nínú ìjálá á máa ka iṣẹ́ fóònù mọ́ ti ọdẹ.

Àwọn olùkọ́ wa náà, ẹ má bínú. Ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń to ìwé ìtọ́kasí, dé orí kọ́mà. Ẹ fún wa ní wákàtí kan sí i kí a tó lọ pe àgbàlagbà: kọ̀ǹpútà kan, máìkì kan, àti ẹnì kan tó máa jókòó síbẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, títí ohùn rẹ̀ á fi dé -12 láìjẹ́ pé ó pariwo.