Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Kan Kábúrétọ̀

Láti Àgbádárìgì dé Ẹ̀pẹ́, títí dé àwọn abúlé Ìlàjẹ, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣì ń gbé apẹja àti èrò lórí omi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń wúkọ́ nígbà tí awakọ̀ bá fa asẹlerétọ̀, súkùdíráfà ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ mú, wọn a sì máa yí ṣíkúrúù kábúrétọ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò fi dùn létí. Ohun tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n fi ṣáájú yẹn. Táímìn, ìyẹn àsìkò tí pọ́lọ́ọ̀gì ń ta iná, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tò, irin tó so asẹlerétọ̀ mọ́ kábúrétọ̀ ló tẹ̀lé e, kábúrétọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Ìwọ̀n ló sì yẹ kí wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe etí nìkan.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Johnson àti Evinrude àtijọ́ tó ń lo kọ́ńtáàtì. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àlàfo kọ́ńtáàtì abẹ́ fúláíwíìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.020 ínǹṣì, bí ìdajì mìlímítà. Bí ó bá fẹ̀ jù, pọ́lọ́ọ̀gì á tètè ta iná jù. Bí ó bá há jù, iná á pẹ́. Nígbà tí awakọ̀ bá yí asẹlerétọ̀, àwo tí kọ́ńtáàtì jókòó lé á yípo kí iná lè máa yá sí i, lẹ́yìn náà ni kámù ara àwo náà á ti róólà kékeré tó ń ṣí ẹnu kábúrétọ̀. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ti fi àmì sára kámù: ìgbà tí àmì bá dé ọ̀gangan róólà ni ẹnu kábúrétọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí ó bá ṣí ṣáájú, iná kò tíì yá tó, ẹ́ńjìnnì á gbé epo mì láìlágbára. Kò sí bí ṣíkúrúù ṣe lè wo àìsàn yẹn. Bíbò ló kàn lè bò ó. Ewu tó tóbi jù sì wà níbẹ̀, nítorí pé inú epo bẹntiróòlù ni a ń po ọ́ìlì tú-stróòkì mọ́, ìwọ̀n 50 sí 1 nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó bá dín epo kù ní kábúrétọ̀ ti dín ọ́ìlì tó ń dé ara píṣítìn kù pẹ̀lú. Bí iná bá tún yá jù, ooru lè dá ihò sí orí píṣítìn. Ọ̀kadà tó bá kú, ẹ̀gbẹ́ títì ni yóò dúró sí; ọkọ̀ tó bá kú lórí ọ̀sà, ìgbì ló ni ín, tòun ti àwọn èrò inú rẹ̀.

Àwọn kan lè ní etí àgbà mẹkáníìkì ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, kí òyìnbó tó fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo bọ̀wọ̀ fún etí yẹn, ó sì wúlò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú dúrọ́ọ̀mù omi tí wọ́n ti ń dán an wò létí òkun, kò sí ẹrù tí ẹ́ńjìnnì ń gbé. Nígbà tí ó bá sì ń sáré lójú omi, ariwo á bo ìró kò-kò-kò tí iná tó yá jù máa ń mú wá. Àwọn mìíràn á ní kí a ju ògbólógbòó dànù, kí a ra tuntun. Apẹja wo ni yóò rówó rẹ̀? Irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo kò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ògbómọ̀ṣọ́ náà, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀sà níbẹ̀. Ní àdúgbò Under G, lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, tú-stróòkì ni jẹnẹrétọ̀ Tiger kékeré tí a ń pè ní I Better Pass My Neighbour, a ń po ọ́ìlì mọ́ epo tirẹ̀ náà, ọwọ́ súkùdíráfà kan náà ló sì ti ń jìyà. Ilé ẹ̀kọ́ ní irinṣẹ́ ìwọ̀n àti olùkọ́. Mẹkáníìkì ní ọwọ́. Òótọ́ ni pé ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wà, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, èdè Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ fi kọ́ṣẹ́. Kí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LAUTECH tẹ ìwé olójú-ewé kan jáde ní Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán: àlàfo kọ́ńtáàtì, ibi tí àmì kámù yẹ kó wà, ìwọ̀n ọ́ìlì, kí kábúrétọ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kí wọ́n dán ibi tó kan ọ́ìlì àti kábúrétọ̀ wò lára Tiger àwọn aládùúgbò wọn ní Under G, kí wọ́n tó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́ àti Ìgbókòdá nílẹ̀ Ìlàjẹ.