Ẹ Yéé Sọ Pé Ó Rọrùn fún Mauritius

Mo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí àlejò kan lórí rédíò ní ká má fi Mauritius wé ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní erékùṣù kékeré ni, èèyàn ibẹ̀ kò ju mílíọ̀nù kan lé díẹ̀ lọ, ta ni kò lè tò ó kó dára? Olóòtú ní "òótọ́ ni", ó bá bọ́ sórí ìpolówó ọjà. Mo pa rédíò. Ẹ̀yin tí a jọ ń bá a bọ̀ mọ̀ pé èmi àti "ó rọrùn fún wọn" kì í jókòó sórí ẹní kan náà.

Ọ̀nà méjì ni màá pín in sí: ṣúgà àti aṣọ.

Ṣúgà. Lọ́dún 1960, ìjì Alix àti ìjì Carol jà ní Mauritius tẹ̀lé ara wọn, wọ́n wó ilé, wọ́n ba oko ìrèké jẹ́. Ìrèké yìí sì ni gbogbo ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ní: nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ọjà wọn ń pa lókè òkun nígbà náà, ó lé ní 90 tó jẹ́ ti ṣúgà. Kò sí epo rọ̀bì, kò sí wúrà. Lọ́dún 1961, James Meade, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Ìlú Ọba tó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́yìn náà, yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò, kò sì rí ire níwájú wọn: ọmọ ń pọ̀, iṣẹ́ kò sí, ilẹ̀ kò tó. Lọ́dún 1968 ni wọ́n gba òmìnira.

Kí ni kékeré ṣe fún wọn níbẹ̀? Ọkọ̀ òkun tó fẹ́ yà já ẹrù díẹ̀ yóò gba owó gọbọi. Ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé ará ilé nìkan ló ń tà fún kò ní pẹ́ kógbá wọlé.

Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù nínú kọ̀rọ̀ kan, ilé méje sí ojú títì. Ọkọ̀ ń já ẹrù sẹ́nu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ìyá mi ń san owó ọmọlanke, owó náà sì ti gun orí ọjà kó tó ṣílẹ̀kùn. Kò lè tà lọ́pọ̀ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ń ta epo òyìnbó, á fi àrọ sẹ́nu ìgò, á rọ ọ́ dé ọrùn, á wá gbé àrọ sókè díẹ̀, á dúró títí èyí tó kù yóò fi kán tán. Mo ti bá a dúró de ẹ̀kán ìkẹyìn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn èèyàn ń fi ojú títì sílẹ̀ wá bá a. Kò sí ohun tó rọrùn níbẹ̀.

Aṣọ ńkọ́? Lọ́dún 1970 wọ́n ṣe òfin tó dín owó orí kù fún ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe ọjà, bí aṣọ, fún òkè òkun. Àwọn oníṣòwò Hong Kong wá, torí ibi tí Yúróòpù ṣí fún ọjà tiwọn ti kún. Ọdún 1975 ni Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ra ṣúgà Mauritius ní iye tí wọ́n fọwọ́ sí; àwọn olóko ìrèké kó nínú owó yẹn, wọ́n fi dá ilé ìránṣọ sílẹ̀. Wọn ò jẹ ẹ́ tán! Lọ́dún 1977, ilé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́.

Nígbà tó di ọdún 2005, àdéhùn àgbáyé tó ń fi òdiwọ̀n sí aṣọ títà parí, Ṣáínà sì ya wọ ọjà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í gé iye tí wọ́n ń ra ṣúgà, títí wọ́n fi gé ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilẹ̀kùn méjì tì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ránṣọ pàdánù iṣẹ́. Mauritius dín ilé ìfún-ìrèké kù, wọ́n ń sun háhá ìrèké fi pèsè iná mànàmáná, wọ́n sì ti ń kọ́ ìlú Ebène fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyí: Comoros wà nínú òkun kan náà. Ilẹ̀ rẹ̀ kò tó ti Mauritius, èèyàn rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù kan. Láti ọdún 1975 tó ti gba òmìnira, ìfipágbàjọba kò jẹ́ kó sinmi, fànílà, kànáfùrù àti òdòdó tí wọ́n fi ń ṣe lọ́fínńdà ló sì ń tà títí dòní. Tó bá jẹ́ pé kékeré ni oògùn, ta ni ì bá kọ́kọ́ là? Mo ti kọ nọ́ńbà rédíò náà sílẹ̀. Bí àlejò yẹn bá padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìbéèrè yẹn ni màá bi í.