Àwòrán Ẹyẹ Olórí Méjì Kọ́ Ló Ṣe Awò Náà

Ìjà la gbé wá lónìí o.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí wa. Awò olójú méjì ni, irú èyí tí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun máa ń gbé kọ́ ọrùn láti fi wo ọ̀nà jíjìn. Ẹnì kan ló ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ara rẹ̀ ti họ, awọ tí wọ́n fi bò ó ti gbó, ṣùgbọ́n ẹyẹ olórí méjì tó jẹ́ àmì ọba Rọ́ṣíà ṣì hàn kedere lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa ní, "Ẹ ò rí i? Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ni Rọ́ṣíà ti ń dá èyí ṣe fúnra rẹ̀." A ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni àwa tí à ń kọ́ Yorùbá mọ̀ nípa awò ológun ilẹ̀ Rọ́ṣíà.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dùn wá. A máa padà sórí ẹ̀.

Ká má purọ́, awò wà lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ Obukhov ní St Petersburg, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1863 láti máa rọ irin àti àgbá ogun, ti ní ẹ̀ka tó ń ṣe ohun èlò ìwòran ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Aleksandr Gershun, onímọ̀ físíìsì, ló wá di olórí ẹ̀ka náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe awò ìnàjú àgbá àti awò olójú méjì fún àwọn ọmọ ogun. Ní Warsaw, tó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà nígbà náà, Aleksander Ginsberg ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FOS. Ní Riga, ilé-iṣẹ́ Zeiss ti Jámánì fúnra rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń to awò jọ. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ọ̀rẹ́ wa ń tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń ka ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Tiẹ̀ gbọ́ ná: Riga wà nínú ohun tí ó kà mọ́ Rọ́ṣíà! Ilé Zeiss! Ṣé bí àlejò bá yá yàrá kan nínú ilé wa, a ti di bàbá rẹ̀ nìyẹn?

Kí ló wà nínú awò yìí gan-an? Irin ni ara rẹ̀, awọ ni aṣọ rẹ̀, gíláàsì ni ojú rẹ̀. Awò àtijọ́, irú ti Galileo, kò le: gíláàsì méjì nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó parí. Kì í fa nǹkan súnmọ́ni púpọ̀, ibi tí èèyàn ń rí nínú rẹ̀ sì há. Ní 1854 ni ará Ítálì kan, Ignazio Porro, ronú kan ọ̀nà mìíràn. Ó fi prism, ìyẹn gíláàsì onígun mẹ́ta, sínú ihò náà kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí àwòrán tó dorí kodò lè dìde nàró, kí ọ̀nà tó gùn sì ká sínú ihò kúkúrú. Èrò ńlá ni. Ṣùgbọ́n gíláàsì ìgbà náà kò mọ́ tó, nítorí náà èrò yìí sùn fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ìgbà tí Ernst Abbe, tó ń bá Zeiss ṣiṣẹ́ ní Jena, rí gíláàsì tuntun tí Otto Schott ń yọ́ nílùú kan náà lò, ìgbà náà ni awò yìí tó dìde. 1894 ni Zeiss bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Ẹ wò ó dáadáa. Èrò wà, ọgbọ́n ìṣirò wà, irin wà, ogójì ọdún ló sì kọjá. Gíláàsì ni wọ́n ń dúró dè.

Gíláàsì yìí kì í sì í ṣe gíláàsì fèrèsé o. Iyanrìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní irin nínú, nítorí irin díẹ̀ péré á pa á láwọ̀ dà sí ewé. Inú ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ ọ, ìkòkò náà pàápàá kò sì gbọdọ̀ yọ́ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ìlà wínníwínní á wà nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ṣúgà ń yọ́ nínú omi, ìlà yẹn á sì da àwòrán rú. Pierre-Louis Guinand, ará Switzerland, ló rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé ńṣe ló yẹ kí èèyàn máa fi ọ̀pá amọ̀ rò ó lórí iná, bí ìyá ṣe ń fi orógùn ro ọkà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n á fọ́ ìkòkò. Wọ́n á ṣa àwọn ègé tó dára, wọ́n á da ìyókù nù, ìyókù ló sì máa ń pọ̀ jù. Àṣírí bí ti ìdílé alágbẹ̀dẹ ni. Láti ọwọ́ àwọn Guinand ló ti dé Faransé. Georges Bontemps gbé e lọ fún Chance Brothers nítòsí Birmingham ní 1848. Ẹsẹ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri, kì í ṣe ìwé. Nígbà tí ogun fi máa dé ní 1914, Jámánì, Faransé àti Ìlú Ọba ni orírun rẹ̀. Rọ́ṣíà ń rà á ni. Obukhov ń rà á.

Ibí yìí ni àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá ti ní ẹnu ọ̀rọ̀. Èdè wa kì í fi gbogbo iṣẹ́ pe "ṣíṣe" lásán. Ẹnì kan ń rànwú, ẹnì kan ń hunṣọ, ẹnì kan ń ránṣọ. Ẹni tó rán agbádá òfì, iṣẹ́ ńlá ló ṣe, ṣùgbọ́n tó bá dé Ìṣẹ́yìn tó ní òun ló hun òfì náà, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ dé ẹnu ibodè. Obukhov ránṣọ, ó sì rán an dáadáa. Jena ló hun ún. Gbogbo àríyànjiyàn wa kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gba pé kéèyàn gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn kó tó yé e.

Ọ̀rẹ́ wa ní ṣebí gbogbo ayé ló ń rà lọ́wọ́ Jámánì, kí ló wá jẹ́ ìtìjú níbẹ̀? Òótọ́ ni apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lójú ogun Tsushima ní 1905, awò Zeiss ló wà lọ́rùn Ọ̀gágun Tōgō ti Japan nígbà tó ń fọ́ ọkọ̀ ojú omi Rọ́ṣíà túútúú. Nígbà tí ogun 1914 dé, Lord Roberts ní Ìlú Ọba ní láti bẹ àwọn ará ìlú, títí kan àwọn tó ń lọ wo eré ẹṣin, pé kí wọ́n yá àwọn ọmọ ogun ní awò wọn. Amẹ́ríkà náà ṣagbe: Franklin Roosevelt, tó di ààrẹ lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó ní kí aráàlú fi awò ilé wọn ránṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi, kí wọ́n gba dọ́là kan péré. Rírà kì í ṣe ìtìjú. Ohun tí à ń bá wí ni pé kí èèyàn lẹ ẹyẹ mọ́ ọjà tó rà, kó wá gba ara rẹ̀ gbọ́, kó sì kó ogun lọ bá ẹni tó ń ta ojú fún un. Ọ̀gá tó ń darí àgbá láti orí òkè kò lè fi àmì ẹyẹ wo ibi tí ọta rẹ̀ balẹ̀ sí.

Ní oṣù kẹjọ 1914, Jámánì kéde ogun, ọjà dí. Kí ni ìjọba ọba wá ṣe kíákíá? Wọ́n yí orúkọ olú-ìlú padà! St Petersburg jọ ti Jámánì létí wọn jù, ó di Petrograd. A ní ká jẹ èkuru kó tán, wọ́n ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Orúkọ ìlú di ti Rọ́ṣíà láàárín oṣù kan. Gíláàsì inú awò kò gbọ́ pé wọ́n ti ṣe ìsọmọlórúkọ. Nígbà tó di 1915, Warsaw ti bọ́ sọ́wọ́ Jámánì, wọ́n sì ń kó àwọn ilé-iṣẹ́ kúrò ní Riga pẹ̀lú ìdààmú.

A gbọ́dọ̀ bu ọlá fún àwọn tó tọ́ sí, nítorí àwọn kan tún wà ní òdìkejì tí wọ́n ń sọ pé Rọ́ṣíà kò mọ nǹkan kan ju kó jí ti ẹlòmíràn wò. Irọ́ gbáà nìyẹn náà. Títo awò jọ kì í ṣe eré ọmọdé. Bí ihò méjèèjì kò bá kọjú síbì kan náà gẹ́lẹ́, ẹni tó ń wò ó á máa rí nǹkan ní méjìméjì, orí á sì fọ́ ọ kó tó rí ọ̀tá. Àwọn òṣìṣẹ́ Obukhov mọ èyí. Gershun mọ̀ ju gbogbo wọn lọ pé wọn kò tíì dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ó wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ ohun èlò ìwòran sílẹ̀ ní 1914, èyí tí ilé-iṣẹ́ LOMO ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ láti ibẹ̀ títí dòní. Ó kú ní 1915. Kò rí gíláàsì tirẹ̀.

Àwọn tó gba iṣẹ́ náà ṣe kò lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ àgbá. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ tánganran fún ààfin ọba ní Petrograd ni wọ́n lọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ amọ̀ àti iná. Nikolai Kachalov wà níbẹ̀, Ilya Grebenshchikov náà wà níbẹ̀. Wọ́n yọ́ ọ, ó bàjẹ́, wọ́n tún yọ́ ọ. Kachalov tilẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Chance Brothers láti lọ kọ́ iṣẹ́ náà, láàárín ogun. Ọba ti kúrò lórí oyè ní 1917 kí iṣẹ́ náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìparí 1918, nígbà tí ebi ń pa Petrograd, ni Dmitri Rozhdestvensky dá ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ àti gíláàsì sílẹ̀. Ó di 1927 kí wọ́n tó lè sọ pé àwọn kò ra gíláàsì yìí láti òkèèrè mọ́. Nígbà náà, ẹyẹ olórí méjì ti kúrò lára ohun gbogbo tí ìjọba ń ṣe láti ọdún mẹ́wàá.

Nítorí náà, tí ọ̀rẹ́ wa bá fẹ́ gbé Rọ́ṣíà ga, kó mú àwọn alámọ̀ wọ̀nyí, kó fi ẹyẹ sílẹ̀. Ó ti ní òun máa fèsì. A ti fi àyè sílẹ̀ fún un níbí, ó sì lè kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá bá nira fún un, a máa bá a túmọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ kó dáhùn níbẹ̀: gíláàsì tó wà nínú awò tó fi hàn wá, ìkòkò ìlú wo ni wọ́n ti yọ́ ọ?